Onídùúró Lẹ́nu Bodè: Ìjọra àti Ọ̀nà Èbúté Àpápá

Ẹni tó bá ti Sùúrùlérè tàbí Yábàá ń lọ sí èbúté Àpápá, Ìjọra ló máa gbà kọjá. Afárá Èkó balẹ̀ síbẹ̀, ojú irin tó ń lọ sí wọ́ọ̀fù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀sà sì wà níwájú rẹ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni, lábẹ́ Ọjọra, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè onífìlà funfun Èkó. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá tó tan ìmọ́lẹ̀ fún Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1923. Ibẹ̀ ni Seven-Up ti rọ ìgò àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1960, ọdún òmìnira. Ibẹ̀ náà ni àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń jí lọ lóròòwúrọ̀ láti ra ẹja inú yìnyín ní páálí-páálí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ará Èkó fi mọ Ìjọra láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni tírélà: tírélà lórí afárá, tírélà lábẹ́ afárá, tírélà tó ń retí ìgbà tí wọ́n máa pè é wọ èbúté.

Káàkiri ayé lónìí, ìjọba oríṣiríṣi ti ṣe ètò fún arìnrìn-àjò tí wọ́n ti yẹ̀ wò ṣáájú, kó má baà tò sórí ìlà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èrò. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ èyí tó ń jẹ́ Global Entry ní 2008. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á kọ orúkọ sílẹ̀, á san owó, á tẹ̀ka, òṣìṣẹ́ ìjọba á sì fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Bó bá yege, ọdún márùn-ún gbáko ni yóò fi máa kọjá wéré ní pápákọ̀ òfurufú nígbà tí àwọn yòókù bá ṣì dúró. Nǹkan tuntun ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ìtàn Ìjọra àti Àpápá fi hàn pé ó ti pẹ́ ju ẹ̀rọ lọ. Láti ìgbà tí bodè ti wà, ẹni tó ní onídùúró ló ń tètè kọjá. Ẹni tí kò ní ló ń sùn sójú ọ̀nà, àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà ló sì ń ru ẹrù ìdúró rẹ̀.

Kí òyìnbó tó dé, ìlú Yorùbá kò ṣeé wọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣá. Odi yí ìlú ká, bodè wà lára odi, oníbodè sì jókòó sẹ́nu rẹ̀ láti gba owó lọ́wọ́ alájàpá. Àmọ́ ojú kan náà kọ́ ni oníbodè fi ń wo gbogbo èrò. Bí ìlàrí ọba Ọ̀yọ́ bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, orí rẹ̀ tí wọ́n fá lápá kan ti sọ ẹni tó rán an níṣẹ́ kó tó la ẹnu. Ìránṣẹ́ mìíràn a mú ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́, òmíràn a gbé àrokò dání. Nígbà tí Clapperton àti Lander, àwọn arìnrìn-àjò òyìnbó, gbéra láti Àgbádárìgì ní ìparí 1825 lọ sí Ọ̀yọ́, àwọn ọba àti baálẹ̀ ojú ọ̀nà ló ń fà wọ́n lé ara wọn lọ́wọ́ láti ìlú dé ìlú.

Ní ti Èkó, òkun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe oníbodè. Yanrìn tó gbára jọ sẹ́nu ọ̀sà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ọkọ̀ tó ti Liverpool dé yóò dúró sójú agbami, wọn yóò kó èrò àti ẹrù sínú ọkọ̀ kéékèèké, èrò mìíràn yóò jókòó sínú àga onígi tí wọ́n fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lórí ìgbì. Ẹrù tiẹ̀ máa ń gba èbúté Forcados kí ó tó yí padà wá sí Èkó. Ní 1908 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta sínú òkun láti fi la ẹnu ọ̀sà. Ní 1914, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Akoko wọlé, ọ̀nà sì là fún àwọn ọkọ̀ ńlá tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n nílò ilẹ̀ tí ọkọ̀ wọ̀nyí yóò gúnlẹ̀ sí, ojú wọn sì lọ sí Àpápá, ní òdìkejì ọ̀sà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjọra. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ ńlá níbẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú. Ilẹ̀ ẹbí Olúwa ni. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa nígbà náà, ní kí wọ́n san owó ilẹ̀ náà pé fún òun àti àwọn èèyàn òun. Ilé ẹjọ́ ìlú amúnisìn sọ pé kò ní ilẹ̀, pé ẹ̀tọ́ ìṣákọ́lẹ̀ lásán ló ní. Olóyè náà kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ lọ sí London, níwájú Ìgbìmọ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, Herbert Macaulay, olóṣèlú ará Èkó, sì bá a lọ ní 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀.

Ohun tí Macaulay gbé dání lọ sí London ló dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí, Elékòó, ìyẹn ọba Èkó, ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá gbé ọ̀pá ọba, ọ̀rọ̀ ọba ló ń sọ, kò sì sí oníbodè tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba amúnisìn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó sì bí wọn nínú gan-an nìyẹn. Wọ́n ní kí Elékòó sọ ní gbangba pé òun kò rán Macaulay níṣẹ́. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó sọ ọ́ kò tẹ́ Èṣùgbàyí lọ́rùn. Wọ́n yọwọ́ ìjọba kúrò lọ́rọ̀ rẹ̀, nígbà tó sì di 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ó tó 1931 kó tó padà sí Èkó. Ìyà yìí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọba fi ohun ìdánimọ̀ rẹ̀ dúró fún ọmọ ìlú rẹ̀ lẹ́yìn odi.

Ní ti ẹjọ́ náà, Olóyè Olúwa jàre. Ní 1921 Ìgbìmọ̀ Ọba dá a pé ilẹ̀ ìlú ni ilẹ̀ náà, pé olóyè ló ń mú un dúró fún àwọn èèyàn rẹ̀, kí wọ́n sì sanwó rẹ̀ pé. Títí di òní, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ilẹ̀ ní Nàìjíríà tí kì í ka ìdájọ́ Amodu Tijani. Nítorí náà, kí wọ́ọ̀fù tó wà ní Àpápá rárá ni ìbéèrè ti wà nílẹ̀: ta ni ìjọba mọ̀, ta ni kò mọ̀?

Wọ́ọ̀fù dé ní 1926. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ léta ilé-iṣẹ́ Elder Dempster bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí Àpápá gan-an. Lẹ́yìn ogun Hitler, mẹ́ta ló gbayì jù nínú wọn: Accra, Apapa, àti Aureol tó dé ní 1951. Ìrìn Liverpool sí Èkó gbà tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ̀ ojú irin pàtàkì ń kó èrò láti Òkè Ọya wá pàdé ọkọ̀ òkun ní Àpápá, èrò á sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó máa gbé e lọ. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ wọ̀nyí pọ̀ ní oríṣi: òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó tó ń lọ fún ìsinmi, oníṣòwò, àlùfáà, àti àwọn ọmọ Yorùbá tó ń lọ kọ́ ìmọ̀ òfin tàbí ìṣègùn, tí ẹbí tò sẹ́bàá omi láti juwọ́ sí wọn.

Ìwé tí kálukú mú lọ́wọ́ yàtọ̀ síra. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìjọra, Ẹ̀bútè Mẹ́ta tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó jẹ́ ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ilẹ̀ Kọ́lónì ni. Ẹni tí wọ́n bí sí Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, ẹni tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń dáàbò bò ni ìwé pè é. Ó lè jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, kó wọ ọkọ̀ kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ibi tí ìyá rẹ̀ bí i sí ló sọ irú ojú tí òfin fi ń wò ó.

Lẹ́yìn òmìnira, ọ̀nà náà ṣì là fún ọmọ Nàìjíríà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ará Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, títí di oṣù Keje ọdún 1962. Òfin tuntun tí Ìlú Ọba ṣe lọ́dún náà ní kí ẹni tó fẹ́ wá ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ìwé náà sí. A jẹ́ ti ẹni tí agbanisíṣẹ́ kan ti ń dúró dè. B jẹ́ ti ẹni tó ní iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ìmọ̀ tí wọ́n ń wá. C jẹ́ ti gbogbo àwọn yòókù, bí wọ́n bá ṣe tò sórí ìlà, àmọ́ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun ń gbà á ṣáájú. Ní 1965 wọ́n pa C rẹ́ pátápátá. Ẹni tí kò ní agbanisíṣẹ́, tí kò ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́, kò ní ìlà kankan tó lè tò sí mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń rí ọ̀nà lọ, nítorí ilé-ìwé tó gbà á ló ṣe onídùúró fún un. Ní 1986 ìjọba Ìlú Ọba kéde pé ọmọ Nàìjíríà náà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó gbéra nílé.

Aureol fi ọ̀nà Èkó sílẹ̀ ní 1974. Èrò ti bọ́ sínú bàálù, ní 1979 sì ni ilé ìgbéra ńlá ti pápákọ̀ Murtala Muhammed ṣí ní Ìkẹjà. Àpápá di ibùdó ẹrù lásán, ìlà sì kúrò lọ́rùn èèyàn, ó bọ́ sọ́rùn ẹrù.

Ìlà àkọ́kọ́ tó kó ìtìjú bá orílẹ̀-èdè yìí, orí omi ló ti wáyé. Ìjọba ológun ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì láti fi kọ́ bárékè àti ojú ọ̀nà, nígbà tí èbúté Èkó kò lè sọ ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan sílẹ̀ lọ́dún. Ní 1975 ọkọ̀ tó dúró sójú òkun níwájú Èkó ju 400 lọ. Ìjọba ń san owó ìdúró fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, sìmẹ́ǹtì mìíràn sì ń dì sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ àti ohun èèlò mìíràn há sáàárín wọn. Èbúté Tin Can tí wọ́n ṣí ní 1977 jẹ́ ìdáhùn sí ìyà yẹn.

Lásìkò kan náà, wọ́n ń kọ́ Gbọ̀ngàn Ìṣeré ńlá sí Ìgànmú nítorí àjọ̀dún FESTAC. Abúlé Olúwọlé wà lórí ilẹ̀ náà. Ní 1973 wọ́n kó àwọn ará abúlé kúrò, ọ̀pọ̀ wọn sì lọ tẹ̀dó sí Ìjọra Badia, lórí ilẹ̀ àbàtà. Wọ́n tún wó ilé Badia ní 1997, ní 2003, àti ní oṣù Kejì ọdún 2013. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń sọ ìtàn ìrìn kíákíá ní Àpápá sọ ti àwọn èèyàn wọ̀nyí. Wọ́n wà nítòsí ọ̀kan nínú àwọn èbúté tó lọ́lá jù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn tí bulldozer máa ń kà.

Ní 2006 ìjọba fa àwọn èbúté lé ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, kọntéínà sì ń wọlé gìrọ́gìrọ́. Ojú irin kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì bàjẹ́ dé ibi tí tírélà ti ń rì sínú kòtò, àwọn àgbá epo ńlá tó wà káàkiri Àpápá sì ń pe táńkà sójú ọ̀nà kan náà. Nígbà tó fi máa di 2017 sókè, ìlà tírélà ti gun afárá Ìjọra, ó gun Afárá Èkó, ó dé ìhà pápá ìṣeré Sùúrùlérè. Awakọ̀ ń lo ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì lórí afárá. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn, orí afárá ni wọ́n ń wẹ̀, ibẹ̀ náà ni olóúnjẹ ń gbé ìrẹsì wá bá wọn. Ní 2020 àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé owó gbígbé kọntéínà kan ṣoṣo láti Àpápá dé ibòmíràn nínú Èkó ti lé ní ₦1 mílíọ̀nù.

Ewu rẹ̀ kò mọ sí owó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kọntéínà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gbà lé ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀, ó pa èèyàn mẹ́ta. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 kọntéínà mìíràn tún já bọ́ níbẹ̀ lu ọkọ̀ èrò, èèyàn mẹ́sàn-án ló kú. Èrò tó ń kọjá lọ ni, wọn kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú èbúté.

Ìlà gígùn bẹ́ẹ̀ kì í wà kí ọjà má wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá lówó a máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ẹni tí kò bá ní a dúró. Àwọn tó wọ aṣọ ìjọba àti àwọn tí kò wọ̀ ọ́ ń gba owó lọ́wọ́ awakọ̀ láti ibi ìyẹ̀wò kan dé èkejì. Ìwé tí wọ́n fi ń pe tírélà wọ èbúté, tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́, di ohun tí wọ́n ń tà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Ààrẹ pàṣẹ pé kí gbogbo tírélà kúrò lójú ọ̀nà láàárín wákàtí 72, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ kan sì gba iṣẹ́ náà. Ọ̀nà là fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ìlà padà.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021, àjọ NPA tó ń ṣàkóso èbúté bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tuntun tó ń jẹ́ Ètò. Ohun tó sọ rọrùn láti gbọ́. Kí tírélà kankan má ṣe wá sí Àpápá bí wọn kò bá pè é. Onítírélà á forúkọ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, á sanwó, á gbé ọkọ̀ lọ sí páàkì tí àjọ náà fọwọ́ sí, á dúró de àkókò tirẹ̀. Láti páàkì á lọ sí páàkì kejì tó sún mọ́ èbúté, níbẹ̀ ni wọ́n á ti tún yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọlé. Lilypond, tí wọ́n fi ń to kọntéínà sí tẹ́lẹ̀ ní Ìjọra, wà lára àwọn ibi tí NPA fi ṣe ibùdó ìdúró yìí. Báyìí ni Ìjọra tún di ẹnu bodè, bodè tí nọ́ńbà ọkọ̀ ti dé síbẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé.

Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ Ètò dùn. Afárá Ìjọra ṣófo, awakọ̀ tó ti ń lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà wọlé lọ́jọ́ kan, iye owó gbígbé kọntéínà sì wálẹ̀. Ó yẹ kí èèyàn yìn ín fún èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló wà lábẹ́ afárá wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ tírélà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé àwọn kan ń ra àyè rẹpẹtẹ, wọ́n sì ń tà á fún ẹlòmíràn lówó gọbọi, àti pé owó ojú ọ̀nà kò parẹ́ tán. Ẹ̀rọ gba ipò oníbodè, ẹni tó mọ ènìyàn sì tún wá ọ̀nà gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

Ní ti ẹrù inú kọntéínà fúnra rẹ̀, bí nǹkan ṣe ń lọ bá ayé mu. Lẹ́yìn ìkọlù oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, Amẹ́ríkà ṣe ètò kan lọ́dún náà gan-an fún oníṣòwò tó bá fi hàn pé òun ń ṣọ́ ẹrù òun láti ilé. Ní 2005 àjọ àwọn aṣọ́bodè àgbáyé gba irú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Ní Nàìjíríà, ó ti pẹ́ tí Àjọ Aṣọ́bodè ti ń jẹ́ kí kọntéínà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan jáde ní èbúté lọ sí ilé ìkẹ́rùsí wọn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Ní 2025 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò oníṣòwò tí wọ́n fọkàn tán, tí wọ́n ń pè ní AEO, rọ́pò rẹ̀. Wọ́n á yẹ ìwé owó-orí ilé-iṣẹ́ wò, wọ́n á wo bó ṣe ń kó ẹrù pamọ́, wọ́n á wo ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ́bodè, kí wọ́n tó fi í sínú ìwé.

Ìyá oníṣòwò tó ń kó ẹrù díẹ̀ wọlé kò sí nínú ìwé yẹn, ó sì ṣòro kó wà níbẹ̀.

Nǹkan kò yàtọ̀ fún èèyàn. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè kan tí kì í ṣe Amẹ́ríkà lè gba Global Entry, àpẹẹrẹ ni Ìlú Ọba, Jámánì àti Íńdíà. Nàìjíríà kò sí lára wọn. Ọmọ Èkó tó bá ti gba ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà lè gbà á, àbúrò rẹ̀ tó ń bẹ̀ ẹ́ wò láti Ìjọra kò lè gbà á. Ìwà ọmọlúwàbí wọn lè dọ́gba, ìjọba tó dúró fún wọn ni kò dọ́gba. Nílé níhìn-ín, ìlú Èkó kan náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1975, ní 1979 wọ́n sì gbà pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè lo ọjọ́ 90 ní òmíràn láìgba físà. Ẹni tó bá gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu ṣì ń bá ibi ìyẹ̀wò pàdé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ bí ìwé náà ti níye lórí tó nígbà tí kò bá sí owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lónìí, Lekki ti ní èbúté tirẹ̀ láti 2023, ní 2025 sì ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ìpè orí fóònù kan náà de tírélà ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, kí ohun tó ṣe Àpápá má baà ṣe Lekki. Ní Ìjọra, Àjọ Aṣọ́bodè ti fi Lilypond ṣe ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù tó ń lọ sókè òkun wò: kòkó, kaṣú, yàmọ̀tí, atalẹ̀, ìṣápá gbígbẹ. Olùtajà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí NEPC, àjọ tó ń rí sí títa ọjà sókè òkun, kó sì ní fọ́ọ̀mù NXP láti báńkì, ìyẹn ìwé tí báńkì fi ń jẹ́rìí pé owó ọjà náà yóò padà wọlé. Bí ìwé bá pé, tí ẹrù bá gba ìyẹ̀wò, wọ́n á fi èdìdì sí kọntéínà. Awakọ̀ á tan ọkọ̀, á gba abẹ́ afárá Ìjọra lọ sí wọ́ọ̀fù, ìrìn tí kò tó wákàtí kan lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò bá sí lójú ọ̀nà.